Kíkì Datsun 280Z ẹ̀gbọ́n wa: ohun tí ìwé mọ́tò sọ àti ohun tí mọ́tò fúnra ẹ̀ sọ

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Houston, láti kékeré n'Ìbàdàn ni wọ́n ti fẹ́ràn Datsun, torí Datsun 120Y ni bàbá wọn fi ń gbé wọn lọ sílé ìwé, ìgbà tí ọwọ́ wọn wá dẹ̀ díẹ̀ lókè òkun níbí wọn ò lọ ra jíìpù tuntun bíi ti àwọn ẹgbẹ́ wọn, Datsun 280Z ọdún 1977 ni wọ́n lọ rà. Ẹni tó bá mọ mọ́tò yẹn á mọ ohun tí mò ń sọ. Imú gígùn, ìjókòó méjì péré, ẹ̀ńjìnnì L28 tó to sílíńdà mẹ́fà sórí ìlà kan, 2,753 cc, tó bá ti sítáàtì tó ń mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ báyìí inú èèyàn á kàn máa dùn ṣáá ni. Ìdílé Z yìí, 1969 ló jáde ní Japan, 240Z ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá sí Amẹ́ríkà, 260Z tẹ̀lé e ní 1974, 280Z wá láti 1975 sí 1978, 280ZX wá gba ipò láti 1979 sí 1983. Ẹ fi àwọn ọdún yìí sọ́kàn o, a máa padà sórí ẹ̀.

Èmi, iṣẹ́ rẹ́wáyà ni mo kọ́ ní Mọ́kọ́lá kí n tó wá síbí, kíkì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré oníná tó ń yí ẹ̀ńjìnnì kó tó jí, àti ọ́tánétọ̀ tó ń fi iná sí bátìrì ni mo sì mọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ èmi ni ẹ̀gbọ́n pè láàárọ̀ Sátidé kan.

"Àbúrò, mọ́tò yìí tún ti ṣe é o."

Mo ní "Ẹ káàárọ̀ sà, kí ló tún ṣe?"

Wọ́n ní kíkì ni. Wọ́n ní ó ń fà bí ẹni tó rẹ̀, ó á lọ rùùn, á dúró, á tún lọ rùùn, nígbà míì ó á kàn han gọ̀rọ̀ bí ẹni ń fi irin họ irin, tí ẹ̀ńjìnnì ò sì ní yí rárá. Wọ́n wá sọ èyí tó dùn mí jù, pé kíkì kẹta rèé láàárín ọdún kan. Mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì ra nǹkankan, mò ń bọ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Kíkì tó wà lára mọ́tò nígbà tí wọ́n rà á ń fà díẹ̀díẹ̀, wọ́n lọ sí sọ́ọ̀bù kan tó ń ta páàtì, wọ́n ta bátìrì tuntun fún wọn, kò yàtọ̀. Wọ́n padà lọ, wọ́n ta kíkì tí wọ́n tún ṣe fún wọn, wọ́n sì gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ wọn, torí níbí tó o bá ra irú kíkì bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní kó o kó ògbólógbòó ẹ wá, core ni wọ́n ń pè é, tó ò bá kó o wá wàá san owó lé e. Kíkì kejì yẹn lo bí oṣù mẹ́ta, ó kú. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ torí wọ́n ní gàrántì ayérayé ló ní. Kẹta nìyí tó ń họ irin yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi, gàrántì ayérayé lórí kíkì tí kò dáa kì í ṣe àǹfààní, ohun tó túmọ̀ sí ni pé wàá máa sùn sábẹ́ mọ́tò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, owó nìkan ni wọn ò gbà, agbára ẹ àti àkókò ẹ ti lọ.

Ìgbà tí mo débẹ̀ n ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan kíkì. Ọ̀gá mi máa ń sọ fún wa pé kíkì kì í dá jẹun, bátìrì ló ń sè é, wáyà ló ń gbé e wá, ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ẹ̀ńjìnnì, ló ń kó abọ́ padà, tí ọ̀kan bá ti rọ nínú wọn kíkì ni gbogbo ayé máa bú. Torí náà mítà ni mo gbé jáde. A fi jọ́mpù jí mọ́tò náà, a jẹ́ kó gbóná díẹ̀ ká tó pa á, torí 280Z ò lo kabúrétọ̀ bíi 240Z, ìnjẹ́kṣọ̀n Bosch L-Jetronic tó ń fi kọ̀ǹpútà tú epo ló ní, fáàfù kan sì wà níbẹ̀ tó máa ń tú pẹtiróòlù kún un tí ẹ̀ńjìnnì bá tutù tí kíkì sì ń yí, n ò fẹ́ kó máa da epo sínú sílíńdà nígbà tí mo bá ń wọn iná. Mo wá yọ wáyà ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétíìfù lórí kọ́ìlì, ohun tó ń fún pílọ́ọ̀gì níná. Ibẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà ìnjẹ́kṣọ̀n ti ń gbọ́ pé ẹ̀ńjìnnì ń yí, tó o bá yọ ọ́ iná pílọ́ọ̀gì ò ní ṣẹ́, injector, ẹnu tó ń tú epo, náà ò ní tú, kíkì á lè máa yí tí ẹ̀ńjìnnì ò ní jí. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n di kọ́kọ́rọ́ mú bíi sẹ́kọ́ńdì márùn-ún péré, ká tún dúró díẹ̀ kó tutù, torí tí kíkì bá yí ju sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, inú ẹ̀ ń jó nìyẹn.

Bátìrì nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, 12.6 fóltì, kò sí àléébù. Ìgbà tí kíkì ń yí, tí mo fi ẹnu mítà kan orí òjé bátìrì gan-an, mi ò fi kan tẹ́míná o, orí òjé fúnra ẹ̀, 10.2. Ìyẹn náà ò burú, tí kò bá ti lọ sísàlẹ̀ 9.6 bátìrì ṣì ní agbára. Àmọ́ nígbà tí mo wá wọ̀n ọ́n lára kíkì, láti bóòtù ńlá ẹ̀yìn ẹ̀ sí ara ẹ̀, 8.0 péré ló ń dé ibẹ̀. Ṣé ẹ rí i, fóltì 2.2 ti sọnù lójú ọ̀nà. Mo wọn ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù, 0.7. Mo wọn ẹ́ẹ̀tì, láti orí òjé nẹ́gétíìfù sí ara ẹ̀ńjìnnì, 1.5! Èmi, 0.5 ni mo máa ń gbà lọ́wọ́ pọ́sítíìfù, 0.2 lọ́wọ́ ẹ́ẹ̀tì, tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ wáyà náà ti jẹrà. Houston yìí ooru àti ọ̀rinrin ni ṣáá, mo fi ọ̀bẹ la ara wáyà ẹ́ẹ̀tì náà, kọ́pà inú ẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ó ń já sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ta ló mọ ọdún tó ti wà níbẹ̀.

Àwọn kan á ti rò pé ó ti tán níbẹ̀ nìyẹn, wáyà ni. Rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ rẹ́wáyà ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rí àìsàn kan wọ́n sì dúró. Mo ti fi klámpù mítà há wáyà ńlá náà, mo rí 280 ámpù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí nọ́ńbà yẹn fi dá mi dúró. Tó bá jẹ́ wáyà nìkan ló ń dí iná lọ́nà, kíkì á máa fà díẹ̀, iná tó ń gbà náà á kéré, torí kò rí i gbà. Àmọ́ tí kíkì bá ń fà díẹ̀ tí iná tó ń jẹ sì pọ̀ gan-an, nǹkan kan ń dì í mú nìyẹn, bóyá ẹ̀ńjìnnì fúnra ẹ̀ ti le, bóyá inú kíkì ń fara gbolẹ̀. Ẹ̀ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà bíi eléyìí, tí kọ̀mprẹ́ṣọ̀n ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra nínú sílíńdà, ò ga, 8.3 sí 1, tó bá wà dáadáa bíi 150 ni mo máa ń rí lórí ẹ̀, nígbà míì kó lé díẹ̀. 280 ti pọ̀ jù. Mo yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo fi sípánà gùn yí ẹ̀ńjìnnì láti iwájú, ó yí wọ́ọ́rọ́, kò sí ibì kankan tó ti le. Nítorí náà kíkì ni. Àìsàn méjì ló wà lára mọ́tò yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdí tó fi pa kíkì méjì nìyẹn, wáyà tó jẹrà ń jẹ́ kí kíkì máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú iná tí kò tó, ó ń gbóná, ó ń pẹ́ kó tó jí ẹ̀ńjìnnì, ìyẹn tún ń jẹ inú ẹ̀ kíákíá.

A yọ orí nẹ́gétíìfù kúrò lórí bátìrì kọ́kọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn láé, wáyà ńlá tó lọ sídìí kíkì ò ní fíúùsì kankan lórí, tí sípánà bá fi kan ara mọ́tò níbẹ̀ iná á ṣẹ́ yọ lójú ẹni. Bóòtù méjì ló di kíkì L28 mú, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ńjìnnì lápá ẹ̀yìn, bátìrì náà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, torí náà kò ṣòro bíi ti àwọn mọ́tò kan tí wọ́n fi kíkì sábẹ́ ẹ̀sọ́ọ̀sì. Mo tú inú ẹ̀ lórí tábìlì. Búṣì ẹ̀yìn, òrùka tó gbé ámẹ́ṣọ̀ dúró, ti jẹ débi pé ámẹ́ṣọ̀, irin oníwáyà tó ń yí nínú kíkì, ń fi ara ha irin ẹ̀gbẹ́, ẹ rí ojú ọ̀nà tó ń dán níbi tó ti ń ha á. Kíkì tí wọ́n ní àwọn tún ṣe! Wọ́n kùn ún ní dúdú lóde, ó ń dán, wọn ò pààrọ̀ búṣì kan.

Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni eyín kékeré iwájú, èyí tó máa ń jáde lọ mú eyín fláìwíìlì, irin rìbìtì ńlá tó wà lẹ́yìn ẹ̀ńjìnnì. Orí ẹ̀ níwájú nìkan ló ti jẹ, bóyá ìdá kan nínú mẹ́rin eyín náà ni, ìyókù ṣì tuntun bí ìgbà tó jáde ní fákítìrì. Ìyẹn túmọ̀ sí pé kò wọlé tán. Ó kàn ń fi ètè mú fláìwíìlì ni, ìdí tó fi ń han gọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo dìde, mo bi ẹ̀gbọ́n pé sà, ìgbà tí ẹ lọ ra kíkì, kí lẹ sọ fún wọn? Wọ́n ní wọ́n bi àwọn pé ṣé ọ́tò ni àbí mánúà, àwọn sì mú ìwé tó bá mọ́tò wá jáde, ìwé ẹni tó kọ́kọ́ ni í, ìwé náà sọ pé ọ́tò ni.

Ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Mọ́tò náà jáde ní ọ́tò lóòótọ́, àmọ́ ẹnì kan láàárín ọdún wọ̀nyẹn ti yọ gíà ọ́tò kúrò, ó ti fi mánúà onípele márùn-ún sí i, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí 280Z ní Amẹ́ríkà ní 1977 yẹn náà. Ẹ̀gbọ́n ń fi ẹsẹ̀ òsì wọn tẹ kílọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́, wọ́n kàn gbà pé ìwé ló mọ̀ jù ni, n ò sì lè dá wọn lẹ́bi, ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní sọ́ọ̀bù ló yẹ kó bi wọ́n pé gíà wo ló wà nínú ẹ̀ LÓNÌÍ. Kíkì ọ́tò àti kíkì mánúà fún ẹ̀ńjìnnì L wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀kan náà. Bóòtù wọn bára mu, lójú ẹ wàá rò pé ìbejì ni, ṣùgbọ́n imú wọn ò gùn bákan náà, torí irin pẹlẹbẹ tí ọ́tò ń lò àti fláìwíìlì tí mánúà ń lò, eyín wọn ò sí ní ibì kan náà. Ohun tó tún dùn mí ni pé kíkì àkọ́kọ́ tó bá mọ́tò wá, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ mánúà tó tọ́, búṣì àti kábọ̀n, ohun dúdú kékeré tó ń gbé iná wọ ámẹ́ṣọ̀, lásán ni ì bá fẹ́, wọ́n sì ti fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi core. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò àtijọ́, ẹ sanwó core yẹn kẹ́ ẹ sì gbé kíkì yín sílé. Ẹ má kó o fún wọn.

Kí n tó sọ kíkì tá a máa rà, mo fẹ́ mọ bóyá fláìwíìlì ṣì dáa, torí kíkì tuntun lórí eyín tó ti jẹ, owó tá a sọ sódò ni. Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ẹ̀ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà kì í dúró síbi tó bá wù ú tá a bá pa á, kọ̀mprẹ́ṣọ̀n sílíńdà tó kàn ló máa dá a dúró, torí náà ibi mẹ́ta náà ló máa ń dúró sí lórí fláìwíìlì, ibi mẹ́ta yẹn sì ni kíkì á máa mú lójoojúmọ́ ayé. Ti sílíńdà mẹ́rin ibi méjì ni. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì wo ibì kan péré tẹ́ ẹ ní eyín ti dáa, ẹ ò tíì wò ó. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n máa fi sípánà yí ẹ̀ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ láti iwájú, èmi sì ń wo láti ojú ihò kíkì, títí tó fi yí po. Ibi mẹ́ta náà ti jẹ lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ iwájú eyín wọn ti ya díẹ̀, ṣùgbọ́n inú eyín ṣì pọ̀ tí kíkì tó bá wọlé dáadáa lè mú. Mo tún wo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ẹ̀ńjìnnì àti gíà, torí ẹni tó bá ń pààrọ̀ gíà lè gbàgbé ẹ̀ sílẹ̀, tí ò bá sí níbẹ̀ ìjókòó kíkì ti yí padà nìyẹn. Ó wà níbẹ̀. Ọlọ́run ṣeun.

Ó wá ku kíkì wo la máa rà. Ẹ̀gbọ́n ti ń fi fóònù wò ó, wọ́n ti fẹ́ sanwó fún èyí tó wọ́n jù, mo ní sùúrù sà, ẹ jẹ́ ká jókòó lé e lórí. A jókòó lórí tábìlì ìdáná, ìyàwó wọn gbé mọ́ínmọ́ín wá, a jíròrò ọ̀rọ̀ yìí fún bíi wákàtí méjì.

Ọ̀nà kìíní, kíkì mánúà irú ti àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe. Ó rọjú jù. Irú èyí, ámẹ́ṣọ̀ inú ẹ̀ àti eyín iwájú ń yí pọ̀ lójú kan ni, yíyí kan sí yíyí kan, kò sí gíà láàárín, torí náà ámẹ́ṣọ̀ gbọ́dọ̀ tóbi kó lè lágbára, ó wúwo, ó ń jẹ iná. Tí ẹni tó tún un ṣe bá mọ iṣẹ́ kò sí ohun tó ṣe é, mọ́tò náà jáde pẹ̀lú ẹ̀ ó sì ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún. Àmọ́ ta ló tún un ṣe? Ìyẹn ni n ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún, lẹ́yìn ohun tí mo rí nínú èyí tó kọjá. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ṣì ní kíkì àkọ́kọ́ yẹn lọ́wọ́ ni, òun ni mi ò bá yàn, mi ò bá fọwọ́ ara mi tún un ṣe, torí ẹni tó fẹ́ kí mọ́tò ẹ̀ wà bó ṣe jáde ní fákítìrì, kò sí èyí tó dà bíi tiẹ̀.

Ọ̀nà kejì, àwọn kíkì kékeré tuntun tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ń fi Z sáré, tí gíà wà nínú ẹ̀. Èyí ni ọkàn ẹ̀gbọ́n lọ sí. Ó fúyẹ́, ó lágbára, owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Mo bi wọ́n pé sà, ṣé ẹ ti gbé kọ̀mprẹ́ṣọ̀n ẹ̀ńjìnnì yín sókè? Rárá. Ṣé ẹ fẹ́ máa lọ sáré? Rárá, ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn ń gbé e jáde. Agbára yẹn kò níṣẹ́ lára 8.3 sí 1. Èyí tí mo tún rò ni ọjọ́ tó bá bàjẹ́, ta ló ní kábọ̀n ẹ̀, ta ló ní búṣì ẹ̀? Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é nìkan ni, tí onítọ̀hún bá sì ti kógbá wọlé, ó parí. Mi ò sọ pé kò dáa o, ẹni tó ní ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n ti fi agbára kún, kó rà á. Kì í kàn ṣe ti mọ́tò yìí ni.

Ọ̀nà kẹta ni mo fọkàn sí láti ìbẹ̀rẹ̀, kíkì 280ZX ọdún 1979 sí 1983. Ìgbà tí Nissan, ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ Datsun, ṣe ZX, wọ́n fi kíkì Hitachi tó ní gíà nínú sí i, ẹ̀ńjìnnì ẹbí kan náà ni, L28 ni, bóòtù ẹ̀ wọ 280Z láìgé nǹkankan láìlu nǹkankan, ó wọ 240Z àti 260Z náà. Nínú tiẹ̀ ámẹ́ṣọ̀ kékeré ló ń yí kíákíá, gíà àárín wá ń dín eré yẹn kù, eré tó dín kù ló di agbára, torí náà iná díẹ̀ ló ń jẹ tó sì ń yí ẹ̀ńjìnnì yá ju ti àtijọ́ lọ. Fún mọ́tò ìnjẹ́kṣọ̀n èyí ṣe pàtàkì, torí tí kíkì bá fa fóltì bátìrì lulẹ̀, kọ́ìlì ò ní rí iná tó fún pílọ́ọ̀gì, kọ̀ǹpútà náà ò ní rí tiẹ̀, èèyàn á wá máa fọ injector, á máa pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, nígbà tó jẹ́ kíkì ló ń jẹ iná wọn. Ohun tó tún wù mí ni pé fákítìrì ni ó ti wá, Nissan ṣe é fún ẹ̀ńjìnnì yìí, kábọ̀n ẹ̀ ṣì wà lọ́jà, bẹ́ríǹnì ẹ̀ sáìsì tí gbogbo ayé ń tà ni.

Ẹ̀gbọ́n ní "Kò ní dún bíi ti tẹ́lẹ̀." Òótọ́ ni. Ti àtijọ́ ń dún rùn-rùn-rùn, ohùn tó wúwo, ti ZX ń han fíín bí mọ́tò òde òní. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí ìyẹn, mo sì jẹ́ kí wọ́n dákẹ́, torí ẹni tó fẹ́ràn mọ́tò ní ẹ̀tọ́ sí ohùn ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kò burú, ó sàn kó han fíín kó jí ju kó dún dáadáa kó máà jí lọ.

A lọ sí jánkyàdì kan lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e. 280ZX méjì la bá, ọ̀kan ọ́tò, ọ̀kan mánúà. Èyí gan-an ni ibi tí èèyàn ti lè tún ṣubú sínú kòtò kan náà, torí ZX náà ní kíkì ọ́tò àti ti mánúà. Mi ò gba ìwé ẹnìkankan gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo wọ abẹ́ mọ́tò lọ fojú rí gíà, mo wo pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì, mo tún yọ kíkì méjèèjì jáde mo fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí òrùlé mọ́tò, mo wọn láti ojú ibi tí kíkì ti ń jókòó mọ́ gíà dé ẹnu eyín kékeré. Wọn ò dọ́gba, ojú lásán á rí i tó o bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àmọ́ tí ọ̀kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ ẹ o ò lè mọ̀. A ra ti mánúà.

Nílé mo tú u tán. Mo fọ gíríìsì àtijọ́ tó ti di òkúta, mo pààrọ̀ bẹ́ríǹnì, mo fi kábọ̀n tuntun sí i, mo fi pépà dán orí kọ́pà tí kábọ̀n ń fara kàn, mo sì fi ọ̀bẹ fín ihò àárín wọn mọ́. Nínú sọ́lẹ́nọ́ìdì, swíìṣì ńlá tó wà lórí kíkì, mo tú kọ́pà méjì tó máa ń pàdé nígbà tí èèyàn bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ti jóná ti jẹ ihò, mo yí i padà sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣì dáa. Kọ́pà yìí gan-an ló máa ń fa kó dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan tí kíkì ò sì ní yí, tí wọ́n á fi máa fi sípánà gbá a lórí nílé. Tó bá dún kọ́kọ́kọ́kọ́ léraléra, fóltì ni kò tó, ìyẹn yàtọ̀. Mo fi fáìsì di kíkì mú, mo fi jọ́mpù kan bátìrì, eyín jáde tààrà, ó yí, ó padà wọlé. Ẹ má fọwọ́ lásán mú un o, ó máa ń fò.

Kí n tó fi sí i, mo ra wáyà tuntun méjèèjì, pọ́sítíìfù àti ẹ́ẹ̀tì, èyí tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀, mo fi pépà ha ara irin níbi tí ẹ́ẹ̀tì ti jókòó títí ó fi ń dán. Kí n tó yọ kíkì àtijọ́, mo ti wọn fóltì lórí wáyà kékeré dúdú-alámì-yẹ́lò tó ń lọ sí sọ́lẹ́nọ́ìdì, òun ló ń gbé àṣẹ wá láti kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí a ń yí i, 8.7 péré ló dé ibẹ̀, torí ó ń gba inú swíìṣì kọ́kọ́rọ́ ọdún 1977 kọjá, kọ́pà inú swíìṣì náà ti darúgbó. Mo wá fi rìléè kan, swíìṣì oníná, sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, wáyà dúdú-alámì-yẹ́lò ń pe rìléè lásán, rìléè ló wá ń gbé iná gidi láti bátìrì lọ sí sọ́lẹ́nọ́ìdì, mo fi fíúùsì sí i. Ìyẹn á tún jẹ́ kí swíìṣì kọ́kọ́rọ́ náà pẹ́ láyé.

Ìgbà tí a di bóòtù méjèèjì tán tí a dá wáyà kọ́ìlì padà, ẹ̀gbọ́n jókòó sínú mọ́tò, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n díẹ̀, mo rí i. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Fíín, ẹ̀ńjìnnì ti jí. Kò tó sẹ́kọ́ńdì kan. Wọ́n pa á, wọ́n tún sítáàtì ẹ̀, wọ́n pa á, wọ́n tún sítáàtì ẹ̀, mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ jẹ́ kó simi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ṣáá.

Mo tún yọ wáyà kọ́ìlì mo wọn gbogbo ẹ̀ padà bíi ti àkọ́kọ́: orí òjé bátìrì 11.1, lára kíkì 10.8, ámpù 135. Fóltì tó ń sọnù lójú ọ̀nà ti kúrò ní 2.2 ó di 0.3. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin mo tún lọ wọ̀n ọ́n, kò yí padà, mo sì yọ kíkì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti wo eyín ẹ̀, gbogbo fífẹ̀ eyín ló ń dán dọ́gba báyìí, kò fi ètè mú mọ́.

A kọ ọ́ sí pátákó kékeré kan tí ẹ̀gbọ́n fi òwú so mọ́ inú àpótí iwájú mọ́tò, pẹ̀lú ìwé ẹni tó kọ́kọ́ ni í: gíà mánúà onípele márùn-ún ló wà nínú mọ́tò yìí, kíkì 280ZX mánúà 1979 sí 1983 ló wà lára ẹ̀. Ibi mẹ́ta tó jẹ lára fláìwíìlì ṣì wà níbẹ̀, ọjọ́ tá a bá sọ gíà kalẹ̀ fún kílọ́ọ̀ṣì la máa pààrọ̀ òrùka eyín ẹ̀.